Ìjàpá Oníbátìrì Tí Mo Fi Tọrọ Ìyàwó

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà ní Mayfair n'Ifẹ̀ tó rántí mi, kì í ṣe Olúgbénga ni yóò pè mí. Ẹ̀gbọ́n Bátìrì ni yóò pè mí, yóò sì ti rẹ́rìn-ín kó tó béèrè àlàáfíà mi. N kò ní bínú. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti fojú kan Ifẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó pẹ́ lẹ́yìn odi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣa orúkọ tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ yàn.

Ọdún 1994 ni. Ẹ̀yin tó wà nílé nígbà náà kò ní gbàgbé: àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, epo bẹntiróòlù wá di ohun tí ènìyàn ń gbààwẹ̀ fún. Yunifásítì wà ní títì. Èmi tí mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ẹ̀ka iná mànàmáná níbẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan ju kí n máa nu eruku lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọ̀ mí lórí.

Mo ní Volkswagen kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Mo yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọnù. Mo fi ẹ̀rọ oníná kan rọ́pò rẹ̀, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn onípáńtí n'Ìbàdàn. Mo wá to bátìrì lọ́rì mẹ́jọ sínú ọkọ̀ náà, mẹ́rin lábẹ́ àga ẹ̀yìn, mẹ́rin níwájú níbi tí àwọn ọmọlúàbí ń kó ẹrù sí. Ìwọ̀n bátìrì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣe ló jókòó mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Àmọ́ ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀: ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Màá wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ kọjá lára àwọn tó tò síwájú ilé epo ní Mayfair, màá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, màá ní, "Ẹ kú ìdúró o!" Wọ́n á ṣépè fún mi. Inú mi á dùn.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé èmi náà wà lórí ìlà. Wọ́n ń retí epo, èmi ń retí iná. Kódà, tiwọn sàn. Ẹni tó tò fún epo ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bá ará ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi nìkan ni mo jókòó ti wáyà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Kí bátìrì wọ̀nyẹn tó kún, iná wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́, iná wákàtí mẹ́wàá sì lè gba ọjọ́ mẹ́rin kó tó pé jọ. Bí iná bá dé, tí mo bá so ọkọ̀ mọ́ ọn, gbogbo gílóòbù ilé á pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìyàwó onílé á wá ké láti òkè:

"Bọ̀dá Gbénga, ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ ná, kí n lọ aṣọ ìjọ mi tán!"

Màá yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ẹdẹ nìyẹn. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" lẹnu mi mọ̀.

Bí ó bá sì kún tán, tí mo bá làágùn tán, máìlì méjìdínlógún péré ló lè rìn. Gálọ̀nù epo kan, tí wọ́n á bù láàárín ìṣẹ́jú kan, á gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ìṣirò yìí dáadáa. N kò jẹ́ kó ti ẹnu mi jáde.

Nǹkan tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni Abímbọ́lá, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́. Ọ́fíìsì kan náà la ti ń gba owó oṣù ní yunifásítì, ọmọ Ifẹ̀ ni, agbo ilé wọn kò jìnnà sí Enuwa. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ra ìwé iléèwé fún ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí mo bá pàdánù Abímbọ́lá, n kò rí ẹlòmíràn tó lè fara dà mí. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í bú mi.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Àjíṣafẹ́, fi ọgbọ̀n ọdún wa takisí láàárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Òórùn epo ni tùràrí lójú rẹ̀. Pijó rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò láìní epo, síbẹ̀ àràárọ̀ ló ń nù ún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìjàpá mi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Olúgbénga, wọ́n ní mọ́tò rẹ kì í mu epo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kì í mu omi."

"Kì í mu omi, Bàbá."

"Kì í dún."

"Kì í dún rárá, Bàbá," mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Abímbọ́lá, ohun tí kì í jẹ, tí kì í mu, tí kì í dún, kí là ń pè é nílé yìí?"

Òkú ni ìdáhùn. Abímbọ́lá fọwọ́ bo ẹnu, ó sá wọlé.

Ẹni tí Bàbá fẹ́ràn ni Hakeem. Hakeem ló ń bójú tó ilé epo Mayfair yẹn, bí ẹlòmíràn bá sì gbé ọtí wá kí àgbà, ike epo kékeré ni òun ń gbé wá, tó fi aṣọ bò. Ó fẹ́ Abímbọ́lá, kò sì fi í pamọ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ mọ́, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. N kò rí nǹkan burúkú kan sọ nípa rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Èmi àti Abímbọ́lá dá ọjọ́ tí àwọn ènìyàn mi máa wá láti Ẹdẹ wá mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá kò kọ̀, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ kan wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Fàòsíyà, gbọ́dọ̀ jókòó. Bí Ìyá kò bá jókòó, a kì í fọmọ fọ́kọ nílé yìí. Oko ni wọ́n wà, lẹ́yìn Mọ̀rọ̀, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò lè fẹsẹ̀ rìn ín." Ó fi àgbọ̀n sọ́wọ́, ó ronú. "Àfi kí n bẹ Hakeem kó lọ gbé wọn."

Ká ní mo dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ orúkọ Hakeem ti gún mi nínú.

"Bàbá, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni," ni mo wí. "Èmi ni màá lọ gbé wọn."

"Pẹ̀lú èyí?" Ó na ìka sí ìjàpá.

"Pẹ̀lú ẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Bí ó bá di aago kan ọ̀sán Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dé, kí àwọn ènìyàn rẹ máa padà sí Ẹdẹ. N kò ní ránṣẹ́ pè wọ́n mọ́."

Abímbọ́lá sìn mí dé ìta. "Gbénga, jẹ́ kí Hakeem lọ gbé wọn. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Má ṣèyọnu. Mo ti ṣírò ẹ̀."

Mo sì ti ṣírò ẹ̀ lóòótọ́. Máìlì mẹ́jọ ní àlọ, mẹ́jọ ní àbọ̀, mẹ́rìndínlógún. Ó ku méjì fún òkè àti kọ́nà. Mo yọ táyà àfipamọ́, mo yọ jáàkì, mo yọ rédíò, mo yọ àga iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jẹun díẹ̀-díẹ̀ kí èmi náà lè fúyẹ́. Ní ọjọ́ Fráídè, bí ẹni pé ọ̀run wà lẹ́yìn mi, iná dé láàárọ̀, kò lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bátìrì kún bámúbámú.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni mo gbéra. Ìrì ṣì wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà ṣófo nítorí àìsí epo, ọkọ̀ mi sì ń yọ́ lọ bí ológbò. Ìtura tó wà níbẹ̀, n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ohun kan péré ni: nítorí pé kì í dún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ pé mò ń bọ̀, n kò sì fẹ́ tẹ fèrè kó má baà jẹ bátìrì. Nítorí náà, mo na orí jáde lójú fèrèsé, mo ń pariwo fún gbogbo ènìyàn, "Ẹ yà o! Ẹ yà o!" bí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì.

Mo dé oko. Ìyá Fàòsíyà ti wọṣọ, ó ti jókòó síwájú ilé. Obìnrin kékeré ni, gbígbẹ, tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ ni bátìrì?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kó ẹrù yẹn."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ogún iṣu. Apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan. Òbúkọ kan tí wọ́n so mọ́ òpó.

"Gbogbo ẹ̀, Ìyá?"

"Èmi ni mò ń lọ fọmọ fọ́kọ. Ṣé ọwọ́ lásán ni kí n gbé lọ?"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í bá àgbà ilé àna rẹ̀ jiyàn. Bí wọ́n bá ní kó gbé ọlọ rù, yóò béèrè ọmọ ọlọ. Mo kó iṣu síbi tí mo ti yọ àga. Mo so òbúkọ sẹ́yìn pẹ̀lú Ìyá. Ìyá fọwọ́ tẹ àga tó jókòó lé. "Ṣé iná kò ní gbé mi nínú ẹ̀?" Mo ní kò lè gbé wọn. A gbéra.

N kò tíì wa ọkọ̀ dé ojú títì tí Ìyá fi gbá mi léjìká.

"Dúró, dúró! Ìyá Ìmísí nìyẹn."

Ohun tí mo gbàgbé láti ṣírò nìyí. Lọ́jọ́ tí kò sí epo, gbogbo ayé ló ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó sì ti gbé ọgọ́rin ọdún ní àdúgbò kan, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí kò mọ̀. Ìyá Ìmísí ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lágéré. Ó wọlé, òun àti igbá rẹ̀. A lọ díẹ̀.

"Dúró! Ọdẹ́wálé, níbo lò ń rè ní oòrùn yìí? Wọlé, ọkọ ọmọ mi ló ni ín."

Ọdẹ́wálé jẹ́ àgbẹ̀ kan tó ga tó òpó, ó sì sanra tó ènìyàn méjì. Kò síbi tó máa jókòó. Ó jókòó lé iṣu. Òbúkọ ké. Ìyá ń jẹ́ kí n dúró kí ó lè kí ènìyàn lásán pẹ̀lú, àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ wọlé: ó kí wọn, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ẹnì kan láti ọdún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ oníbátìrì tó bá dúró tó tún gbéra, ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó tún ń gbé e rù. Ọwọ́ géèjì tó ń fi agbára bátìrì hàn ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wò ó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi: Ìyá, ẹ dákun, kò ní lè gbé e. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni tó gbé egbòogi mì. "Ẹ kú ìkíni, Ìyá," ni mo ń wí.

Nígbà tí a kọjá géètì yunifásítì, bàbá kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára wa. Ó yíjú, ó kí wa tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, ó lọ.

Mayfair ni a dé. Iwájú ilé epo ni a dé, ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Níbẹ̀ gan-an, ìjàpá mi mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan ké láti àárín ìlà: "Ẹ̀gbọ́n Bátìrì! Ẹ kú ìdúró o!"

Gbogbo ìlà dáhùn. "Ẹ lọ sẹ́yìn! Ìlà wà o!" "Ẹ má jẹ́ kó já ìlà!" Obìnrin kan rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó lé àgbá rẹ̀.

Hakeem jáde wá, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Ó wo inú ọkọ̀, ó rí Ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bu gálọ̀nù iná méjì fún yín?"

"Hakeem, jọ̀ọ́."

"Jẹnẹrétọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. Epo ló ń mu o, mo kàn ní kí n sọ. Wákàtí mélòó ni kẹ́ ẹ fi so ó?"

Mo wo aago. Ó ti kọjá aago méjìlá. "Mẹ́wàá," ni mo wí.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Hakeem ṣí ilẹ̀kùn fún Ìyá. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, màá ti gbé yín dé ilé."

Bí Ìyá bá fi ọkọ̀ Hakeem wọ agbo ilé, kò sí ohun tí ẹbí mi tún fẹ́ sọ. Mo rí ìyàwó mi tó ń bá epo lọ.

Ìyá Fàòsíyà kò kúrò lórí àga. Èmi ló ń wò.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹrù ló pọ̀ jù fún un, Ìyá."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oko, Ìyá."

"Láti oko! O mọ̀ láti oko, o wá ń gbé gbogbo ayé?" Ó yíjú sí Ọdẹ́wálé tó ṣì jókòó lé iṣu. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"N kò lè sọ fún yín, Ìyá. Àgbà ni yín."

"Àgbà ni mí, n kì í ṣe ẹkùn. Ẹni tí ẹrù ń pa tí kò lè ké, òun ló fẹ́ ru ilé?" Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ló tún ìró rẹ̀ ṣe. "Hakeem, o ṣeun. Àmọ́ ẹni tó wá mú mi nílé ni màá bá wọlé. Ẹ bọ́lẹ̀, ẹ tì í. Ìwọ náà, Hakeem, ara rẹ le, bá wọn tì."

Mo rí i tí Hakeem ya ẹnu láti sọ pé aṣọ òun funfun. Mo rí i tó tún pa á dé. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó tì.

Bí a ṣe wọ Enuwa nìyẹn. Ìyá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú òbúkọ bí olorì, èmi di ọwọ́ ìdarí mú, Hakeem, Ọdẹ́wálé, Ìyá Ìmísí àti àwọn oníyẹ̀yẹ́ mẹ́rin láti orí ìlà epo ń tì wá. Àwọn tó ń tajà ní gbàgede dìde kí wọ́n lè rí wa dáadáa. Abímbọ́lá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Ó yọjú wo inú fèrèsé.

"Ṣé o ti ṣírò ẹ̀?" ló wí.

Àwọn ènìyàn mi ti ń dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Lágúnjú, ti dé fìlà. Bàbá Àjíṣafẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó fi aago rẹ̀ hàn wá.

"Aago kan ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Aago ta ni?" ni Ìyá wí bó ṣe ń bọ́lẹ̀. "Ìgbà tí mo bá dé ni aago kan. Ẹ jókòó."

Gbogbo ilé jókòó. Bàbá Lágúnjú sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fi mí wé gbogbo ohun tí n kò jọ. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí Ìyá sọ tirẹ̀. Mo ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀, imú mi wọ inú yanrìn.

"Kí n tó sọ ohunkóhun," ni Ìyá wí, "Olúgbénga, mo fẹ́ kí o ṣe ohun kan fún mi. Èmi, Ìyá Ìmísí, Ọdẹ́wálé, a fẹ́ padà sí oko lónìí kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé mọ́tò rẹ á gbé wa?"

Ẹ wò mí nílẹ̀ níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá" ti dé ètè mi; ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti ń dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti ń ronú ibi tí mo ti lè yá bátìrì, ọmọ ta ni màá bẹ̀ láti tì mí dé Mọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí ìjàpá ṣe mí kanlẹ̀ ní Mayfair. Mo gbọ́ tí Abímbọ́lá ń mí.

"Rárá, Ìyá," ni mo wí sínú yanrìn.

"Kí lo wí?"

Mo gbé imú sókè díẹ̀. "Mo ní rárá, Ìyá. Kò lè gbé yín. Bátìrì ti tán, wákàtí mẹ́wàá ló sì fẹ́ kó tó kún. Kódà kò yẹ kó gbé yín wá lónìí. Mo kàn fọ́nnu ni."

Bàbá Lágúnjú kérora bí ẹni tí wọ́n ya ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Fàòsíyà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Alhamudulilaahi! Ó ń sọ̀rọ̀! Láti oko ni mo ti rò pé odi ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ wa fún. Ẹ gbé e dìde, ẹ nu imú fún un. Àjíṣafẹ́, fún un lọ́mọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò rẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé mọ́tò lò ń fún lọ́mọ ni?"

Bí wọ́n ṣe fún mi ní Abímbọ́lá nìyẹn. N kò ṣe akin kankan. Ìjàpá náà wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú Pijó fún ọjọ́ mọ́kànlá, adìyẹ yé ẹyin méjì sínú rẹ̀, Bàbá Àjíṣafẹ́ sì mú gbogbo àlejò wá wò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá ní kí Hakeem gbé wọn padà. Hakeem kò lè kọ̀. Èmi náà wọlé, nítorí ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ sin àgbà délé. Ọkọ̀ rẹ̀ ń dún, ó ń rùn, ó sì ń lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé le. Ìyá ní kó dúró ní Lágéré, ó dúró. Ó ní kó dúró níwájú géètì yunifásítì, ó dúró. Ènìyàn ti di mẹ́jọ nínú wa, ọmọ ẹnì kan wà lórí itan mi, kò tíì sí ẹni tó ṣàròyé.

"Dúró, Hakeem! Ìyàwó Tìmílẹ́hìn nìyẹn, pẹ̀lú igi ìdáná rẹ̀. Jẹ́ kó wọlé."

Ìdì igi mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Hakeem wò mí nínú dígí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò lè jáde.

"Ìyá, àyè ti tán," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró de ẹlòmíràn."

Ìyá Fàòsíyà yí ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, ó wò mí.

"Ẹ gbọ́ ọ o! A ò tíì fún un níyàwó ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹnu ẹ̀ ti là!"

Hakeem bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ iná mọ́ mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó lè tún ọ̀rọ̀ sọ.